Ọkọ̀ Tí Ará Ilé Ẹni Lè Wọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ ní kí n wá sọ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kí ẹ lè rí nǹkan gbé yẹ̀ wò bí ẹ bá ń yan tiyín. Ọ̀pọ̀ yín ló ń retí kí n ní kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ kọ́ ọ, n kò bá yín jà. Ọkọ̀ ojú omi ni èmi kàn jẹun ní tèmi, ní Efire létí ọ̀sà, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun. Ohun tó sì máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé n kò mọ omi wẹ̀ títí di òní. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ìlápòrú ni wọ́n bí mi sí. Igbó ni àwa mọ̀. Omi tó pọ̀ jù lọ tí mo rí kí n tó gbọ́n ni omi òjò inú àgbá ìyá mi. Bàbá mi a máa la gẹdú, àwọn ará etí ọ̀sà a sì máa wá ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gá Ṣadraki, tó ń kan ọkọ̀ ní Efire. Ó rí mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ pa pákó kí n lè mọ ibi tó dán àti ibi tó le, ó ní kí bàbá mi fún òun ní ọmọ yìí. Bàbá mi fà mí lé e lọ́wọ́. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ nìyẹn, kò sí ìtàn gígùn níbẹ̀.

Ìtàn gígùn wà lára Ọ̀gá Ṣadraki fúnra rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aláṣọ funfun, kì í wọ bàtà lọ́jọ́ ìsìn. Ọmọ Áńgílíkà ni èmi. Ọ̀gá yìí kì í pariwo, kì í sì í na ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní mo ti bọ́ sọ́wọ́ onísùúrù. Àṣé n kò mọ nǹkan kan. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló burú. Bí o bá kan pákó títí tí ẹ̀yìn rẹ fẹ́ẹ̀ kán, yóò wá, yóò wò ó, yóò sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Tú u." Ó parí. Kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ìwọ ni o máa wá ìdí rẹ̀ rí bí o bá ṣe ń tú u.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí a bá ti kan pákó mọ́ra tán, a ó fi òwú dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, a ó máa fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni a ó dojú ọkọ̀ bolẹ̀ nínú ìsọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀gá yóò tan àtùpà, yóò tì í bọ abẹ́ ọkọ̀ náà, yóò sì máa yí i ká láti ìta. Ó ní, "Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà jáde, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé." Àwa ọmọ iṣẹ́ a dúró gbagidi, a ò ní lè mí. Bí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan bá ṣe báyìí jáde níbi tí o kàn, o ti mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Tí àtùpà bá yege, a ó gbé ọkọ̀ sínú omi, kí pákó mu omi kó wú, kó fún mọ́ra. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó gbé e sókè, tí a ó yọ́ ọ̀dà dúdú lórí iná tí a ó fi kùn ún.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kò tíì di ti oníǹkan. Ọ̀gá mi ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn. Ẹni tó kan ọkọ̀ àti ará ilé rẹ̀ kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi rékọjá ọ̀sà, lọ àti bọ̀, kí ó tó fà á lé oníbàárà lọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀ tí ọ̀gá mi kàn, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fúnmi, ló máa ń bá a jókòó sínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo bi í léèrè.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin nìkan ò lè dán an wò ni? Kí lẹ ń gbé Màmá dání sí?"

"Délé, ọkùnrin lè fi ara rẹ̀ wewu nítorí agídí. Ìwọ náà mọ agídí mi. Ṣùgbọ́n n kò lè fi Ìyá Fúnmi ṣe agídí. Bí mo bá ti mọ̀ pé òun ló máa jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi kò ní yá jù lórí iṣẹ́."

Nígbà kan, àwọn ènìyàn ń jiyàn ẹ̀sìn ní èbúté. Àwọn kan ní bàtà ni kò yẹ ní wíwọ̀, àwọn kan ní ààwẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, àwọn tiwa náà ń gbé ìwé àdúrà sókè. Mo délé, mo bi ọ̀gá mi pé kí gan-an ni kókó ìgbàgbọ́ yìí. Kò gbé ojú sókè nídìí òwú tó ń gbá.

"Fẹ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn, kí o sì fẹ́ ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ. Ìyókù, ọ̀dà tí à ń kùn sí i lára ni."

Inú mi dùn, mo ní mo ti gbọ́ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó wá yíjú wo ibi tí èmi ń gbá òwú sí. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Ìwọ kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni níbí," ni ó wí. "Tú u."

Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n fi òòlù lé mi lọ́wọ́, ọ̀gá mi sì ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé ọkọ̀ kan kò ní kúrò lọ́wọ́ mi láì jẹ́ pé èmi àti ará ilé mi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo jẹ́ ẹ. Ọmọdé ń ṣe mí, n kò mọ bí ẹ̀jẹ́ ṣe ń dàgbà pẹ̀lú ẹni.

Mo fẹ́ Títí, ọmọ apẹja ní Efire. Bí ẹja ni ó ṣe ń wẹ̀. Òun ni ará ilé mi nínú ọkọ̀. Èmi a di etí ọkọ̀ mú pinpin, òun a máa tukọ̀, a sì máa kọrin, a máa wo mí a máa rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé alásè tí ń bẹ̀rù ọbẹ̀ ni òun fẹ́.

Bí mo ṣe dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀ ni mo bá Lásísì pàdé. Lásísì ló ń fi ọkọ̀ kó èrò lọ sọ́jà ní òdìkejì ọ̀sà. Ó jù mí lọ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá wo ọkọ̀ tí mo kàn, èrò pọ̀ ní èbúté, ni Lásísì bá fi èdè etí ọ̀sà pariwo láti orí omi.

"Délé, wo é mọ omi wẹ̀, wo ń kan ọkọ̀! Ẹ̀yin ènìyàn, pósí ni ará òkè yìí ń kàn o!"

Èbúté bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ, kò padà wá. Orúkọ lẹ̀ mọ́ mi lára: Délé Pósí. Ojú ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ dín, ọkàn mi gbọgbẹ́, kí n má purọ́ fún yín. Mo gba ilé ọ̀gá mi lọ, mo rò pé yóò tan àbẹ́là, yóò gba àdúrà gbígbóná sí ọ̀rọ̀ Lásísì. Ó gbọ́ tẹnu mi tán.

"Máa kí i," ni ó wí.

"Ta ni kí n máa kí?"

"Lásísì. Láràárọ̀."

"Ọ̀gá, ojú rẹ̀ gan-an, n kò lè rí i sójú."

"N kò ní kí o fẹ́ràn ojú rẹ̀. Mo ní kí o kí i. Bí ó bá fẹ́ omi, fún un lómi. Bí ó bá fẹ́ ọkọ̀, kàn án fún un bí èyí tí Títí máa wọ̀. Ṣé ìwọ rò pé ẹni tó rọrùn láti fẹ́ ni Olúwa ní ká fẹ́?"

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí yóò ti dunni tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí Lásísì. Bí ó bá ti ń tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, èmi a dúró lẹ́nu ìsọ̀, "Ẹ̀gbọ́n Lásísì, ẹ káàárọ̀ o!" Bí ẹni sọ òkò ni mo ṣe máa ń sọ ọ́. Kò dáhùn. Mo kí i ní ọ̀sán, kò dáhùn. Ọdún ń gorí ọdún, mo bí Bọ́lá, ọmọ mi obìnrin, mo tún bí àwọn ọkùnrin tẹ̀lé e, ọ̀gbẹ́ni yìí kò dáhùn. Títí ní kí n sinmi. Mo ní ọ̀gá kò tíì sọ pé kí n tú u.

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì dé. Tẹ́lẹ̀, àjẹ̀ àti ọ̀pá ni gbogbo wa mọ̀, ọkọ̀ a sì máa rọra lọ. Ẹ́ńjìnnì ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì, òwú tí a ti dí dáadáa a máa yọ jáde fúnra rẹ̀. A ní láti tún ìdí ọkọ̀ kọ́, kí a fi igi tó nípọn sí i. Ẹ̀rọ ìlagi náà dé, pákó ń ti ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó níbí wá tó dán bí ilẹ̀ ilé ọlọ́rọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n jáwọ́ nínú àtùpà, pé ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe. Mo ní ẹ̀rọ kò níyàwó.

Ẹ wá gbọ́ ọjọ́ burúkú náà. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn apẹja ti kó ọkọ̀ wọn lọ síbi òkú àgbà kan ní abúlé tó jìnnà, èbúté dá. Ọkọ̀ tuntun kan ṣoṣo ló wà létí omi, tèmi, tí mo gbé síbẹ̀ kí pákó rẹ̀ mu omi. N kò tíì kùn ún lọ́dà. Ibì kan wà lápá òsì rẹ̀ tó ṣì ń jò, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i pé n ó tú u lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sán di dúdú lójijì. Ìjì dé láti ojú ọ̀sà. A rí ọkọ̀ Lásísì tó ń bọ̀ láti ọjà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́, ó kú. Ìgbì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó dojú rẹ̀ dé. Àwọn obìnrin létí omi figbe ta. A ń rí orí àwọn ènìyàn, a ń rí ọwọ́ tó di ìdí ọkọ̀ mú, omi ń bò wọ́n, ó ń ṣí wọn.

Kí n tó mọ ohun tí mo máa rò, Títí ti wà nínú ọkọ̀ tuntun náà pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́.

"Títí! Ibi tí mo sàmì sí yẹn ń jò o!"

"Mo mọ̀. Ẹ gbé igbá, ẹ̀yin lẹ máa gbọ́n omi. Èmi ni mo mọ ọ̀sà."

Ẹ̀rù bà mí. Ọkàn mi ń sọ pé, ẹni tó ní pósí ni mò ń kàn ló wà nínú omi yẹn, ṣé inú pósí náà ni mo fẹ́ lọ fi gbé e? Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ta mí jí. Ọkọ̀ tuntun ni, ẹnikẹ́ni kò tíì fi rékọjá. Bí ẹnì kan bá máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, èmi àti ará ilé mi ni. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ kò sọ pé kí ojú ọjọ́ dára. Mo wọlé.

N kò lè sọ bí a ṣe débẹ̀. Mo dojú kọ omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mò ń gbọ́n ọn, mò ń pe Jésù, mò ń gbọ́n ọn. Títí ń tukọ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọwọ́ ló yí wa ká. A fa ìyá kan wọlé, a fa bàbá arúgbó kan, a fa àwọn mìíràn. Ẹni tí a bá ti fà wọlé, a ó ní kó máa gbọ́n omi, wọ́n ń fi àwo gbọ́n ọn, wọ́n ń ki gèlè bọ omi, wọ́n ń fún un sóde. Lásísì ló kẹ́yìn. Ó ti ń gbé orí obìnrin kan sókè omi láti ìgbà yìí wá, ó kọ́kọ́ tì í sí wa. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí mi, ojú wa sì ṣe mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹnu ẹni a máa ṣe ohun tí ó bá ti mọ́ ọn lára. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnu mi là, mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n Lásísì, ẹ káàsán o."

Ó wú ikọ́, ó tu omi jáde. Ó ní, "Káàsán, Délé."

Títí bú sẹ́rìn-ín láàárín ìjì.

Gbogbo wa dé èbúté. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bá omi lọ. Mo jókòó sínú iyanrìn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, ara mi fúyẹ́, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù gẹdú kúrò lórí ẹni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin ọpẹ́, àwọn Mùsùlùmí ń ṣe àlùhámúdù, ara wọn ni wọ́n sì ń gbá mọ́ra. Ọ̀gá Ṣadraki, tó ti di arúgbó nígbà náà, fẹsẹ̀ lásán wá nínú òjò. Kò kọ́kọ́ wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó fi ìka tẹ ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

"Tú u," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ló gbá mi mọ́ra, ó sì ń sunkún sí mi léjìká.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá dán an wò kó pè mí ní Délé Pósí, Lásísì ló máa bá onítọ̀hún jà. Èmi ló ní kí n kan ọkọ̀ mìíràn fún òun. Nígbà tí mo fẹ́ ti àtùpà bọ abẹ́ rẹ̀, òun náà wà níbẹ̀, ó ń yí i ká pẹ̀lú mi. Ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. Bí ó bá pa ẹran Iléyá, tèmi á dé. Bí a bá ṣe ìkórè, iṣu tirẹ̀ á ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọjọ́ ń lọ. Ọ̀gá mi kú, mo sì sin ín pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà dé, tí wọ́n ń dà bí ẹni da mọ́ínmọ́ín sínú agolo, àwọn ènìyàn sì fẹ́ ẹ nítorí kì í jẹrà. N kò bínú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé ìyàwó wọn dání. Títí náà lọ sinmi. Ẹ má jẹ́ kí n sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Bọ́lá ń ṣe tíṣà níbí, àwọn ọmọkùnrin mi wà lókè òkun. Ó ku èmi nìkan nínú ilé ní Efire.

Ìgbà náà ni àwọn ará ìlú bẹ̀ mí pé kí n kan ọkọ̀ kan ṣoṣo sí i, èyí tí yóò máa gbé àwọn ọmọ kéékèèké láti òdìkejì wá sí iléèwé. Mo ní èyí ni yóò kẹ́yìn. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mo lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo tú ohun tí ó yẹ kí n tú. Bọ́lá ni ó yẹ kó wá bá mi wọ̀ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí iléèwé máa wọlé. Ó pè mí lórí fóònù ní ìdájí: ibà mú ọmọ rẹ̀, wọ́n wà ní ọsibítù. Mo ní kó dúró ti ọmọ rẹ̀.

Mo dé èbúté. Lódìkejì, àwọn ọmọ ti tò létí omi nínú aṣọ iléèwé, a ń rí wọn bí ẹyẹ funfun. Ìyáàfin ọ̀gá iléèwé ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ gbé wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ìdánwò wà lónìí." Ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí wàhálà. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo jẹ́ níwájú Ọlọ́run, mo sì mọ ohun tó wà lódìkejì yẹn: ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí mo bá máa yẹ ẹ̀jẹ́ mi nídìí ọkọ̀ kan, ṣé èyí tí àwọn ọmọdé máa wọ̀ ló yẹ kó jẹ́? Mo fi ọwọ́ lé etí ọkọ̀, mo dúró. Títí ìyàwó mi ni mò ń rò.

Mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn mi. Lásísì ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, agbádá ìrun àárọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ọ̀pá wọn jíjìn omi bí ó ṣe ń rìn bọ̀, ó di èjìká mi mú, ó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì lọ jókòó sí ibi tí Títí máa ń jókòó. Ó mú igbá tó wà níbẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?"

"Ará ilé rẹ lo ń wá. Mo ti jókòó. Àbí ta ló tún kù fún ọ?"

Mo wọlé, mo di etí ọkọ̀ mú pinpin bí mo ti máa ń ṣe. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà gbé wa gba àárín ọ̀sà lọ, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, àwọn ọmọ lódìkejì ń ju ọwọ́ sí wa. Lásísì tẹ̀ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa ìdí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, níbi gbogbo tí pákó ti pàdé pákó. Ó gbé ọwọ́ náà sókè fún mi wò.

"Délé," ni ó wí, "ó gbẹ."